Bí mo ṣe ń kó eérún àti eruku ẹ̀rọ ìfági nínú ṣọ́ọ̀bù ilé mi ní Kàbà

Ẹ̀rọ ìfági oní-ínṣì 12 ni mo ń lò. Bó bá fá 1/16 ínṣì kúrò lójú pákó tó fẹ̀ ní ínṣì 10, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, igi tó bọ́ lójú rẹ̀ tó lítà 1. Bó bá di eérún, ó fi dáadáa ju ìlọ́po márùn-ún ìyẹn lọ. Gbígbá ilẹ̀ kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Bí eérún ò bá tètè jáde, á já padà sórí pákó, rólà á tẹ̀ ẹ́ wọlé, ojú pákó á wá rí bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ti bá jà. Ìgbà tí ẹ bá fi fáníìṣì kùn ún lẹ máa tó rí i. (Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná nù ún, kòtò náà á wú padà díẹ̀.)

Dúróòmù lítà 200 ni mo fi sáàárín ẹ̀rọ ìfági àti búlówà tó ń fa afẹ́fẹ́. Eérún á dúró sínú dúróòmù, kò ní kan abẹ búlówà. Plaiwúùdù 3/4 ínṣì ni mo fi ṣe ọmọrí rẹ̀, mo sì lu ihò ínṣì 4 méjì sí i. Ti àárín lọ sí búlówà. Ti etí gba eérún wọlé, mo sì fi ẹ́líbò (páìpù kékeré tó ṣẹ́ kọ́nà) sí i nínú, kó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ dúróòmù, kí eérún lè máa yí po. Mo tún fi bóòtù gígùn mẹ́ta so pákó róbótó kan rọ̀ ní ínṣì 5 sábẹ́ ọmọrí. Mo gé etí rẹ̀ wọlé ní ínṣì 1 1/8 yípo ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ibẹ̀ ni eérún ń gbà já sísàlẹ̀. Ìdá kan tó kù kan ara dúróòmù, abẹ́ ẹnu páìpù tó ń wọlé ló wà, kí afẹ́fẹ́ má bàa lọ tú eérún ìsàlẹ̀ ká. Tíúbù ọ̀kadà tí mo là ni mo fi dí etí ọmọrí, torí bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé níbẹ̀, gbogbo eérún á gba búlówà lọ.

Páìpù ínṣì 4 tí àwọn plọ́ńbà ń lò ló dára. Níbi tó bá ti máa ṣẹ́ kọ́nà, ẹ́líbò oníwọ̀n 45 méjì sàn ju oníwọ̀n 90 kan lọ. Ọ̀ọ̀sì tó ń tẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, oríkèé inú rẹ̀ ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Mi ò fi góòmù lẹ ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀ kankan, téèpù ni, kí n lè tètè tú u, torí eérún igi melina tútù gùn bí okùn, ó sì máa ń há.

Ẹ̀rọ ìfági mi ń jẹ wáàtì 1,800, búlówà 1,100. Jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA ò ní gbé méjèèjì. 5 kVA ni kẹ́ ẹ lò. Búlówà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn, òun náà ni kẹ́ ẹ pa gbẹ̀yìn.

Ìta ni mo darí ẹnu búlówà sí. Lásìkò ọyẹ́, apá àríwá-ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí náà ẹnu rẹ̀ kọjú sí òdìkejì. Bí òjò bá dé, mo máa ń yí ẹ́líbò rẹ̀ padà. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó sá èlùbọ́ síbẹ̀ o!

Eruku lẹ́búlẹ́bú tó ṣẹ́kù nínú afẹ́fẹ́ ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Láti 1995 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ìbomú N95 ni kẹ́ ẹ lò, áńkáṣíìfù ò tó, pàápàá fún ìrókò tí eruku rẹ̀ ń yún ara.

Òòfà inú ṣípíkà tó ti bàjẹ́ ni mo fi ń wá ìṣó nínú pákó àlòkù: ìṣó tí abẹ bá gé lè ta iná sínú eérún gbígbẹ. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń jẹ́ kí dúróòmù sùn pẹ̀lú ẹrù. Bó bá ti kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni mo ń dà á. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, búlówà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Àwọn olóko adìyẹ máa ń wá kó eérún melina. Ti ìrókò ní àpò tirẹ̀.