Ẹ má fi ìkánjú kun color preserver: àwọn àṣìṣe tó ń ba òwú ọ̀pá ìpẹja jẹ́

Bí ẹ bá fi òwú náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè de òrùka tí okùn ìpẹja ń gbà kọjá mọ́ ọ̀pá ìpẹja dúdú, tí ẹ sì kun ẹ́pọ́sì, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi tó ń gbẹ di líle, lé e bẹ́ẹ̀ lásán, ìyeyè tí ẹ fi owó rà kò ní sí mọ́. Á ṣókùnkùn, á fẹ́ máa jọ àwọ̀ ewé. Ti òwú funfun tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pá dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó máa rí. Ẹ́pọ́sì ló wọ inú òwú, tó lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí ìmọ́lẹ̀ wá ń gba inú òwú kọjá. Color preserver la fi ń dènà èyí: omi tí a ń kùn sórí òwú kí ẹ́pọ́sì tó kàn án, tí òwú á mu, tí á sì gbẹ sínú rẹ̀.

Àmọ́ òun náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Bí kò ṣe jẹ́ kí ẹ́pọ́sì wọ inú òwú, bẹ́ẹ̀ náà ni kò ní jẹ́ kó gba àárín òwú dé ara ọ̀pá. Ẹ́pọ́sì tó yẹ kó so òwú, òrùka àti ọ̀pá pọ̀ di ọ̀kan á kàn jókòó sórí òwú ni. Ìdí nìyí tí mo fi ka kíkun color preserver káàkiri gbogbo ara ọ̀pá sí àṣìṣe tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí. Bí àrọ̀ ńlá bá gbé ìwọ̀ mì ní dáàmù Ureje l'Ádó-Èkìtì, tàbí ní dáàmù Ero ní ìlú Ikun, ìdí òrùka ni gbogbo agbára tó fi ń fà ń bọ̀. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù lásán de ibẹ̀, kí ẹ yan àwọ̀ tí kò ní dùn yín bó bá ṣókùnkùn díẹ̀, bíi dúdú tàbí búlúù. Bó bá jẹ́ dandan kí àwọ̀ náà mọ́lẹ̀, ẹ wá òwú tí wọ́n ti tọ́jú àwọ̀ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń kọ NCP (No Color Preserver) sí lára róòlù rẹ̀. Irú òwú bẹ́ẹ̀ kò nílò color preserver. Òwú onírin tó ń dán náà kò nílò rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ tó wà lókè ibi tí ọwọ́ ń dì mú, níbi tí kò sí ẹrù kankan, ni kí ẹ fi color preserver sí.

Ẹni tó bá sì máa lò ó, ì báà tiẹ̀ jẹ́ ní ìdí òrùka, kó lò ó débi tó yẹ. Kíkùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí òwú hàn ní àbàwọ́n-àbàwọ́n lẹ́yìn ẹ́pọ́sì: ibì kan ìyeyè, ibì kejì dúdú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá kùn ún, òwú á mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú rẹ̀ á tún gbẹ pátápátá, bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé ó ti tó. Ẹ rin òwú náà gbingbin, kí ẹ máa yí ọ̀pá, kí ẹ fi ìka tó mọ́ tẹ omi náà wọ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òrùka, torí ihò tóóró kan máa ń wà níbẹ̀ láàárín irin àti òwú. Afẹ́fẹ́ tó bá kù sínú ihò yẹn ló ń jáde gba inú ẹ́pọ́sì, tó ń wú róbótó bíi ìfófòó ọṣẹ. Ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá fi tíṣù fa èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Ẹ má ṣe nù ún, ẹ kàn fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ ni. Èyí tó bá ṣàn kọjá òwú sára ọ̀pá, ẹ tètè gbé e kúrò, nítorí ibẹ̀ ni etí ẹ́pọ́sì ti máa ń ṣí.

Bó bá gbẹ, ẹ tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì, àní lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ gbé ọ̀pá lọ síbi fèrèsé, kí ẹ dà á dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí dídán rẹ̀ kò bá ti dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́ níbẹ̀.

Òwú télọ̀ tí àwọn kan ń rà l'Ọ́jà Ọba ń dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi epo tàbí sílíkọ́ọ̀nù pa lára kó lè máa yọ̀ nínú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Omi kò ní wọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ́pọ́sì náà á máa sá sí ẹ̀gbẹ́, á fi ihò róbótó-róbótó sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òrí tí a fi ń pa ara ń ṣe irú iṣẹ́ burúkú kan náà. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì nù ún gbẹ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wé òwú. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ fẹ́ kun omi, òrí ti wọnú òwú ná.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí lásìkò òjò, nígbà tí aṣọ tí a sá sórí okùn pàápàá kì í gbẹ bọ̀rọ̀ ní Èkìtì. Color preserver tí wọ́n fi omi ṣe máa ń funfun nígbà tó bá tutù, á sì mọ́ gaara bó bá gbẹ. Ojú rẹ̀ lè mọ́, kí ìka má sì lẹ̀ mọ́ ọn, kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí ẹ bá da ẹ́pọ́sì bò ó báyẹn, ẹ ti há omi mọ́lẹ̀ nìyẹn: ìkùukùu funfun á yọ lábẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ́pọ́sì ṣí kúrò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Wákàtí 24 ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí léèrè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ń rọ̀ léraléra, ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ méjì, kí ẹ gbé ọ̀pá sínú yàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná èédú, ẹ má sì sá a sínú oòrùn ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ abẹ́ òwú á wú, á sì gbé e sókè.

Bó bá jẹ́ irú tó ń ta òórùn sáńsán bíi ti tínà lẹ ń lò, ẹ ṣọ́ra fún iná. Bí wọ́n bá mú iná ọba lọ, ẹ má tan àbẹ́là tàbí àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ lo tọ́ọ̀ṣì.

Kútẹ́ẹ̀sì kì í ṣe àrọ́pò rẹ̀. Ó ń tètè gbẹ sójú òwú kí ó tó ráyè wọlé. Irun wẹ́wẹ́ ara òwú, ẹ fi iná láítà rà á kíákíá kí ẹ tó kun ohunkóhun, torí lẹ́yìn náà á le gan-an. Ẹ sì tọ́ òrùka sójú kan kí omi náà tó dé ibẹ̀. Bó bá ti gbẹ tán, òrùka tó wọ́ kò ní gbọ́ràn mọ́.

Fún ẹni tí àwọ̀ ti bà jẹ́ fún, kíkun color preserver lé ẹ́pọ́sì tó ti gbẹ kò lè tún un ṣe. Òwú náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ fi bíléèdì tuntun gé e lójú ẹsẹ̀ òrùka gan-an, kó jẹ́ irin ni ẹnu bíléèdì máa kàn, kì í ṣe ọ̀pá. Ẹ wá fi èékánná ká òwú kúrò díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ́pọ́sì bá le jù, ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á rọ̀. Ẹ nu ibẹ̀ pẹ̀lú sípírítì, kí ẹ tó wé òwú tuntun.