Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tú ọ̀nà tí gósílò ti há, ẹ̀yàn ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe mọ́tò

Ẹ má tíì pe katapílà o. Ẹ jí láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ẹ mú bírò àti ìwé dání, ẹ lọ dúró síbi tí títì yẹn ti ń há gan-an kẹ́ ẹ máa ka ẹ̀yàn. Ikorodu Road l'Ékòó ni màá fi ṣàpẹẹrẹ.

Ìdí tí mo fi ní ẹ ka ẹ̀yàn rèé. Ká ní léènì kan gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 1,000 kọjá ní wákàtí kan, ọ̀gá kan ṣoṣo ló sì máa ń dá jókòó sínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ pẹ̀lú AC ẹ̀, gbogbo wọn lè má ju ẹ̀yàn 1,500 lọ. Léènì yẹn náà, tí bọ́ọ̀sì ńlá tó kó èrò 60 bá ń kọjá ní mínítì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yàn 3,600 nìyẹn, títì ò sì tíì kún. Tó bá jẹ́ mọ́tò lẹ kà, ìwé yín á ní kẹ́ ẹ fẹ títì sí i, ẹ ó fẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń fi mọ́tò sílé tẹ́lẹ̀ á gbé e jáde, kò ní pẹ́ tó máa tún há.

Ẹ wá wá orí gósílò yẹn, ẹ má gbájú mọ́ ìrù ẹ̀. Ẹni tó há sí Owode Onirin láàárọ̀ lè máa bú Owode, bẹ́ẹ̀ ọjà Mile 12 ló dì í mú níwájú, níbi tí dánfó mẹ́ta ti tò síra lójú títì tí kọ́ndọ́ọ̀ ń pariwo Ketu-Ojota. Ẹ fún dánfó níbi tó lè yà sí gbé èrò, ẹ ó rí i pé nǹkan á ṣí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná owó ńlá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ léènì bọ́ọ̀sì. BRT, ìyẹn ètò bọ́ọ̀sì ńlá Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní March 2008 láti Mile 12 dé CMS, bíi kìlómítà 22, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi kọnkéré dá sọ́tọ̀, bíi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ọ̀dà lásán ni wọ́n fi pààlà apá kan, ibòmíì sì wà tí bọ́ọ̀sì àti mọ́tò jọ ń lọ ni. Torí náà tí owó yín ò bá ká gbogbo ẹ̀, ibi tó há jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ da kọnkéré sí. Ọ̀dà kọ́, ta ló ń wo ọ̀dà l'Ékòó?

Ẹ pe àwọn onímọ́tò kẹ́ ẹ tó yàwòrán, mo bẹ̀ yín. Nígbà BRT yẹn, NURTW, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ èrò, fúnra wọn ló dá kọ́puratíìfù tó wa lára àwọn bọ́ọ̀sì náà, ìjà tí ìyẹn gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀ ò kéré. Ẹni tẹ́ ẹ bá gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀ tẹ́ ẹ ò sì bá sọ nǹkan kan, ẹ ṣáà mọ̀ pé kò ní sùn.

Àwọn kan á ní ẹ dúró de rélùwéè. Rélùwéè dáa, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ metroline, ìyẹn rélùwéè tí Jakande fẹ́ ṣe nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba ológun wọ́gi lé e ní 1985, September 2023 ni èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Blue Line láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13 péré. Ẹ ṣe bọ́ọ̀sì ná.

Ẹ má gbàgbé àwọn nǹkan kéékèèké o: afárá tí ẹlẹ́sẹ̀ máa fi sọdá, iná ní bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù, káàdì dípò owó kí ẹnikẹ́ni má máa wá ṣéńjì lẹ́nu ilẹ̀kùn, mẹkáníìkì àti bọ́ọ̀sì díẹ̀ tó máa wà ní gáréèjì fún ọjọ́ tí òmíràn bá kú. Tó bá di oṣù kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣí i, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ dúró sí láàárọ̀ ọjọ́sí, aago márùn-ún ààbọ̀ náà, kẹ́ ẹ tún kà á.