Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù: ìdájí ni kí ẹ lọ

Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò kì í dé Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ títí oòrùn á fi mú, nígbà tí bọ́ọ̀sì ti já èrò sílẹ̀ tán. Wọ́n á to ìlà títí ẹsẹ̀ á fi wú, bí wọ́n bá sì wọ inú ibojì tí wọ́n gbà pé wọ́n tẹ́ Jésù sí, kíá ni wọ́n á ní kí wọ́n jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn nígbà ooru, aago mẹ́rin nígbà òtútù, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Kí ọkùnrin ṣí fìlà. Gèlè ò burú, àmọ́ ẹ wé e pẹlẹbẹ: ẹnu ọ̀nà ibojì ò ga tó mítà kan ààbọ̀, gèlè gogoro ò lè gbabẹ̀.

Bí ẹ bá ti wọlé, òkúta pẹlẹbẹ pupa rẹ́súrẹ́sú kan ló máa kọjú sí yín, níbi tí wọ́n ti ń rántí bí wọ́n ṣe fi òróró tọ́jú òkú Jésù. 1810 ni wọ́n tẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn iná tó jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1808. Ìyẹn ò ní kí ẹ má kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń da òróró sórí rẹ̀, wọ́n á fi áńkáṣíìfù nù ún, wọ́n á sì ká a sínú ọ̀rá mú lọ sílé.

Kí ẹ tó kọrí síbi ibojì, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ gun Gọ́lgọ́tà, àpáta inú ṣọ́ọ̀ṣì náà tí wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì ń yọ̀. Kí ẹni tí orúnkún ń dùn rọra. Lábẹ́ pẹpẹ àwọn Gíríìkì, awo fàdákà kan wà tó ní ihò láàárín. Ẹ sọ báàgì kalẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ wọ́ sábẹ́ pẹpẹ, kí ẹ ti ọwọ́ bọ ihò náà títí ọwọ́ á fi kan àpáta. Àtẹ̀gùn kejì ni kí ẹ gbà sọ̀ kalẹ̀.

Ìjọ mẹ́fà ló jọ ń lo ilé yìí. Àṣẹ ọba ilẹ̀ Tọ́kì ti 1852 ló de olúkúlùkù mọ́ àyè àti wákàtí tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá bá ìsìn lẹ́nu ibojì ní kùtùkùtù, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí ẹ wọlé. Àwọn kan á rò pé wọ́n ti tì í ni, wọ́n á yíjú padà. Ẹ dúró kí ìsìn parí. Ẹ má sì kọrin pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ rárá.

Orí ìlà ni kí ẹ ti dárúkọ gbogbo ẹni tó fi àdúrà rán yín, torí àyè ò ní sí nínú. Yàrá Áńgẹ́lì lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa wọ yàrá kejì, tí ò gbà ju èèyàn mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni òkúta mábù ibi tí wọ́n tẹ́ Jésù sí wà. Ẹ gbé ọwọ́ àti iwájú orí lé e.

Ẹni tí ara rẹ̀ ò gba ìlà kó yí lọ sẹ́yìn ilé kékeré tó bo ibojì náà. Àwọn Kóptì, ìjọ Kristẹni ará Íjíbítì, ní pẹpẹ kan níbẹ̀, òkúta tí wọ́n ní ara ibojì ni sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ kàn.