Tí sáfà yín bá kọ̀ tí ò tàn, ẹ má tíì sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni. Ọ̀pọ̀ sáfà (server, kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀) tí wọ́n ń pè mí sí n'Íbàdàn ńbí ni ò bàjẹ́ rárá, iná ló dà á láàmú, ẹni tó kọ́kọ́ tú u ló wá bà á jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa: ṣé kò tàn rárá ni, àbí ó ń tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n síkírínì dúdú? Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Tí ò bá tàn rárá, iná ni kẹ́ẹ fura sí. Ẹ fi mítà (multimeter) wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì, 230 volt ló yẹ kẹ́ẹ rí tàbí kó sún mọ́ ọn, tó bá jẹ́ 150 ló ń wá, ẹ fi sáfà yẹn sílẹ̀ jàre. Ẹ yọ ọ́ lára UPS (àpótí bátìrì tó ń fún un níná tí iná bá lọ) kẹ́ẹ gbìyànjú ibòmíì torí bátìrì UPS lè ti kú, ẹ pààrọ̀ wáyà náà. Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀, sáfà púpọ̀ ló ní power supply (àpótí tó ń pín iná fún un) méjì tí kálukú ní iná kékeré lára, tí ọ̀kan ò bá tan iná aláwọ̀ ewé, ẹ yọ ọ́ kẹ́ẹ fi èkejì nìkan tàn án.

Tí kò bá ṣì dáhùn, ẹ yọ gbogbo wáyà iná pátá, kẹ́ẹ wá tẹ bọ́tìnì tẹ́ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ bíi sẹ́kọ́ńdì 30, kí iná tó há sínú rẹ̀ lè gbẹ. Ilé ìwé kan ní Mọ́kọ́lá, iná dé tagbáratagbára lálẹ́, sáfà wọn kú, wọ́n ti ń dá owó jọ láti ra motherboard (pátákó ńlá inú rẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́), ohun tí mo ṣe nìyẹn tó fi jí, mi ò ra nǹkan kan.

Tó bá ń tàn tí síkírínì ò hàn, ẹ ní sùúrù, ẹ jọ̀ọ́, sáfà tó ní RAM (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń rántí nǹkan tó bá ń ṣiṣẹ́) rẹpẹtẹ lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó fi nǹkan hàn, àwa náà la máa ń sáré pa á. Tó bá pẹ́ jù, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan inú. Ẹ yọ RAM, ẹ fi ẹrésà nu ibi tó ní wúrà lára, ẹ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò, ẹ tì í padà títí yóò fi dún. Tí ò bá ṣe é, ẹ fi RAM ẹyọ kan péré sí i kẹ́ẹ máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ má fi RAM desktop sí i o, ti sáfà sábà máa ń yàtọ̀. Tí déètì rẹ̀ bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, bátìrì kékeré CR2032 ló ti kú, kò wọ́n.

Ibi tí mo bẹ̀ yín jù rèé: hard disk, ibi tí gbogbo iṣẹ́ yín wà. Kẹ́ẹ tó yọ ọ̀kankan, ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára, kálukú gbọ́dọ̀ padà sí ihò tiẹ̀. Tí RAID (ètò tó so àwọn hard disk náà pọ̀) bá wá ń bi yín bóyá kó "initialize" tàbí "clear", ẹ má tẹ̀ ẹ́ láéláé, iṣẹ́ ọdún mélòó ló lè lọ níbẹ̀! Ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ síbẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ẹ wá pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.