Bí a ṣe ń ta Santorini: eré ilé kíkọ́ tí kì í pẹ́ parí

Ẹni tó bá gbádùn ayò ọlọ́pọ́n yóò gbádùn Santorini, nítorí kò sí dáìsì níbẹ̀, orí-ire kò sì ràn án. Gordon Hamilton, onímọ̀ ìṣirò ará Kánádà, ló gbé e kalẹ̀. Ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lónìí, ilé iṣẹ́ Roxley ló gbé e jáde ní 2016. Orúkọ rẹ̀ wá láti erékùṣù kan ní ilẹ̀ Gíríìkì tí ilé funfun olórùlé búlúù wà káàkiri. Ẹni méjì ni eré náà dùn mọ́ jù, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sì ti tó.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ pátákó sílẹ̀. Ojú 25 ló ní, márùn-ún níbùú, márùn-ún lóòró. Ègé ilé oríṣi mẹ́ta wà, fún àjà kìíní, ìkejì àti ìkẹta, pẹ̀lú òrùlé róbótó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú kọ́lékọ́lé méjì. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ ya ojú 25 sórí páálí, ẹ ní kí káfíńtà gé igi pẹlẹbẹ fún yín, kí ẹ fi ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe òrùlé, kí ẹ sì fi ọmọ lúdò ṣe kọ́lékọ́lé. Ẹwà nìkan ló máa dín kù.

Ẹni tó máa kọ́kọ́ ta yóò fi kọ́lékọ́lé rẹ̀ méjèèjì sí ojú tó bá wù ú, kí ẹnìkejì tó fi tirẹ̀ sí i. Ẹ má sá sí igun. Ojú mẹ́ta péré ni ẹni tó wà ní igun lè dé, ẹni tó wà létí pátákó lè dé márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàárín ń dé mẹ́jọ.

Nígbà tó bá kàn yín, ẹ rìn, lẹ́yìn náà ẹ kọ́lé. Kọ́lékọ́lé kan yóò bọ́ sí ojú tó fara kan tirẹ̀, títí kan èyí tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó lè gun àjà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ibi tó wù ú ni kó bẹ́ sí. Kò gbọdọ̀ wọ ojú tí ẹlòmíràn dúró sí, kò sì gbọdọ̀ gun òrùlé. Ẹni tó rìn yẹn náà ni yóò kọ́ ègé kan sí ojú tí kò sí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àjà kìíní lórí ilẹ̀, ìkejì lórí ìkíní, ìkẹta lórí ìkejì, òrùlé lórí ìkẹta. Ilé kì í ṣe ti ẹnì kankan; èyí tí ẹ kọ́, alátakò yín lè gùn ún.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gòkè láti àjà kejì sí ìkẹta ló borí. Ẹni tí kò bá rí ibi rìn tàbí ibi kọ́lé sí ti pàdánù.

Ibí yìí ni ọ̀ta àti ọ̀pẹ́ ti ń yàtọ̀. Ọ̀pẹ́ á gun àjà kejì, á kọ́ àjà kẹta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, inú rẹ̀ á máa dùn. Alátakò á kàn fi òrùlé dé e ni. Ọ̀ta kì í wá ọ̀nà kan, méjì ló ń wá. Ẹ wò ó báyìí: ilé alájà mẹ́ta kan wà, alájà méjì méjì tún wà nítòsí rẹ̀. Ẹ gun ọ̀kan nínú àwọn alájà méjì náà, kí ẹ sọ èkejì di alájà mẹ́ta. Ilé méjì ló ń dúró dè yín, òrùlé kan ṣoṣo sì ni alátakò lè fi dé. Àfi tí òun náà bá ti wà lórí àjà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, torí òun ló máa kọ́kọ́ gùn ún nígbà náà.

Ilé kíkọ́ tún jẹ́ ọ̀nà ìdènà. Bí alátakò bá wà lórí àjà kìíní, tí alájà méjì wà níwájú rẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́ di alájà mẹ́ta. Kò lè gùn ún mọ́. Èmi ka èyí sí ọgbọ́n tó ga jù nínú eré náà.

Ẹ ta á báyìí títí tí yóò fi mọ́ yín lára, kí ẹ tó mú káàdì àwọn òrìṣà Gíríìkì wọlé. Ẹnì kan yóò ṣa òrìṣà méjì, ẹnìkejì yóò kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú, ẹni tó ṣà wọ́n yóò mú èyí tó kù, òun ni yóò sì sọ ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀. Apollo lè bá alátakò pààrọ̀ àyè. Demeter lè kọ́lé lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ojú kan náà. Atlas lè fi òrùlé dé ilé tí kò tíì ga. Tí Athena bá gòkè, alátakò rẹ̀ kò ní lè gòkè nígbà tó bá kàn án.

Pan ni mo fẹ́ràn jù. Òun tún ń borí tó bá bẹ́ sílẹ̀ láti àjà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti dúró lórí àjà kejì, tí ojú ilẹ̀ méjì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣòro kí ẹ tó rí i dá dúró. Bí ó bá jẹ́ òun lẹ ń bá ta, ẹ má jẹ́ kó dé àjà kejì. Athena pàápàá kò lè gbà yín níbẹ̀, nítorí gígòkè ló ń dènà, kì í ṣe sísọ̀kalẹ̀.