Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọ̀rọ̀ Ìṣàkóso Agbára, Kí A sì Máa Lò Ó Lẹ́nu Iṣẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, àwọn èèyàn máa ń jókòó ìpàdé lórí owó iná, tí gbogbo wọn ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n tí ohun tó wà lọ́kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹnjiníà sọ pé “demand” ti ga, ẹni tó ń ṣírò owó gbọ́ ọ bí ẹni pé iná tí wọ́n lò lóṣù náà ti pọ̀, ọ̀gá sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa gílóòbù. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn, síbẹ̀ àṣẹ tí ọ̀gá pa kò kan ohun tí ẹnjiníà ń sọ, ìyẹn bí àwọn ẹ̀rọ ṣe jọ ń fa iná tó lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé kíkọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà nìkan, àti pé ọ̀rọ̀ kan kò tíì di tiwa títí a ó fi lè nàka sí ohun tó ń wọ̀n níbi iṣẹ́ wa gan-an.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni pé kí o ṣa àwọn ọ̀rọ̀ jọ láti inú ohun tó ń kọjá lọ́wọ́ rẹ, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé atúmọ̀ èdè. Mú ìwé owó iná oṣù mẹ́ta, lọ wo ojú mítà, ka pátákó kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara àwọn ẹ̀rọ ńlá, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ àti òṣùwọ̀n tí kò yé ọ sílẹ̀. Mẹ́wàá tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí: mọ ìyàtọ̀ láàárín “power” àti “energy”. Agbára ni àwa ń pe méjèèjì ní Yorùbá, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó ń fi Yorùbá ronú ṣọ́ra níbí ju ibòmíràn lọ. Èmi a máa pe ti àkọ́kọ́ ní ìyára ìlò, èyí tí í ṣe bí ẹ̀rọ ṣe ń fa iná tó lójú ẹsẹ̀. Kílówáàtì, tí à ń kọ ní kW, ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Èkejì ni àpapọ̀ ìlò, ìyẹn gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ti fà láti ìgbà tí a ti tàn án, kílówáàtì-wákàtì tàbí kWh sì ni òṣùwọ̀n tirẹ̀. Kẹ́tù oníná 2 kW tó ṣiṣẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú lo 1 kWh. Gílóòbù 10 W (1,000 W ni 1 kW) tó tàn fún 100 wákàtì náà lo 1 kWh. Àpapọ̀ wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ìyára ìlò kẹ́tù jẹ́ ìlọ́po 200 ti gílóòbù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé “a lo 500 kW lóṣù tó kọjá,” fi sùúrù bi í pé èwo ló ní lọ́kàn nínú méjèèjì.

Tí èyí bá ti yé ọ, “demand” kò ní ṣòro mọ́. Mítà àwọn oníbàárà ńlá sábà máa ń pín oṣù sí ìṣẹ́jú 15 tàbí 30, á gba ìpíndọ́gba kílówáàtì inú ìpín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, èyí tó ga jù lọ nínú wọn ni “maximum demand” oṣù náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó lórí rẹ̀, ìdajì wákàtì kan péré tí gbogbo ẹ̀rọ ńlá jọ ṣiṣẹ́ lè fi owó kún ìwé owó iná gbogbo oṣù. Bí a bá sún iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn sí wákàtì mìíràn, kWh kò ní dín kù, ṣùgbọ́n demand lè wálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ìwé ọ̀rọ̀ tìrẹ. Fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, fi ẹnu ara rẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kọ òṣùwọ̀n rẹ̀, kí o sì kọ ohun kan tí o lè mú ẹlòmíràn lọ wò. Fún “power factor”, o lè kọ pé ó jẹ́ ìpín tó ń ṣiṣẹ́ gidi nínú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń gbà láti inú wáyà: bí mọ́tò bá ń gba 100 kVA, òṣùwọ̀n gbogbo ohun tí ó ń gbà, tí èyí tó ń ṣiṣẹ́ gidi sì jẹ́ 80 kW, 0.8 ni. Kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Pípa iná inú yàrá tí kò sí ẹnìkan jẹ́ “conservation”. Fífi gílóòbù LED rọ́pò ti àtijọ́, kí ìmọ́lẹ̀ má dín ṣùgbọ́n kí ìlò dín, jẹ́ “efficiency”.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni kí o fi nọ́ńbà dán ọ̀rọ̀ wò kí o tó gbà á gbọ́. Ìlànà àgbáyé lórí ìṣàkóso agbára, ISO 50001, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2011 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018, gbé iṣẹ́ púpọ̀ ka orí ọ̀rọ̀ méjì. “Baseline” ni ìlò àtẹ̀yìnwá tí a ó máa fi ti ìsinsìnyí wé. “Energy performance indicator” ni nọ́ńbà tó ń fi hàn bí a ṣe ń lo agbára dáadáa sí, bíi kWh lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan lo 40,000 kWh láti ṣe 20,000 ọjà. 2 kWh ló bọ́ sí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lóṣù kejì ó lo 45,000 kWh fún 25,000 ọjà, ó wá di 1.8. Ẹni tó wo àpapọ̀ nìkan yóò fárí gá pé ìlò ti gòkè, ẹni tó wo nọ́ńbà kejì yóò yọ̀ pé iṣẹ́ ti dára sí i, àwọn méjèèjì sì lè ṣìnà. Bí 20,000 kWh bá ń lọ lóṣooṣù, yálà wọ́n ṣe ọjà tàbí wọn kò ṣe, tí ọjà kọ̀ọ̀kan sì ń gba 1 kWh, a jẹ́ pé kò sí ohun tó yí padà: ọjà tó pọ̀ sí i ló jọ pín 20,000 náà. Òun ni à ń pè ní “base load”, ìlò tí kì í sinmi. Nítorí èyí, baseline tí kò bá ka iye ọjà sí yóò máa tan ilé-iṣẹ́ jẹ. Láti mọ base load tìrẹ, ka mítà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tún un kà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí o sì fi iye wákàtì tó wà láàárín wọn pín ìyàtọ̀ náà. Ìyára ìlò òru, ní kW, ni wàá rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni lílò. “Iná tí à ń lò ti pọ̀ jù” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kọ iye, òṣùwọ̀n, ibi tó ti wáyé, àkókò rẹ̀ àti ohun tí o fi wé: “Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rọ amúlétutù àjà kejì lo 900 kWh, 700 kWh ló lò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ kò yí padà.” Kí o tó fi irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, bá àwọn tó ń tan ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n sábà máa ń ní orúkọ tiwọn fún ohun tí ìwé ń pè ní orúkọ mìíràn. Kọ orúkọ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ti ìwé, kí ẹ̀ka ìṣírò owó àti ti ẹ̀rọ jọ fọwọ́ sí ojú ewé kan ṣoṣo, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà, níbi tí ẹni tó bá wá ka mítà yóò ti rí i.