Bí a ṣe ń wá ìdí tí kernel fi ń dákú lórí kọ̀ǹpútà fíìmù tí a tò fúnra wa

Fíìmù ń lọ lọ́wọ́, lójijì ni àwòrán dúró gbagidi. Ohùn wá ń tún ẹyọ kan náà pè léraléra bí akólòlò. Ẹ tẹ rìmóòtù, kò dáhùn. Ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò dáhùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi kú, a ó tún un tàn, a ó sì padà sídìí fíìmù wa. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, inú á bí wa, a ó pa gbogbo Linux tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, a ó gbé òmíràn sí i. Kò ní í pẹ́, yóò tún dákú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pa á rẹ́. Kernel ni ọkàn Linux, òun ló ń darí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ. Kernel tó ń dákú sábà máa ń sọ ohun tó ṣe é kó tó lọ. Àwa la kì í wà níbẹ̀ láti gbọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí, gbígbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló le jù, òun náà ló sì ń tán ìṣòro.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kernel ló dákú

Kodi, ìyẹn ètò tí a fi ń wo fíìmù, lè kú kí kernel má kú. Ojú tẹlifíṣọ̀n lè ṣókùnkùn nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ gbìyànjú láti fi ssh (ètò tí a fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà kan láti orí òmíràn) wọlé sí i. Bó bá gbà yín wọlé, kernel ṣì wà láàyè, ẹ sì lè bi í léèrè lójú ẹsẹ̀:

sudo dmesg -T | tail -50

Bí ẹ bá rí "Out of memory: Killed process" níbẹ̀, kernel kò dákú rárá. RAM ló tán, kernel sì pa ètò kan kí òun má baà kú. Ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀: ẹ wá ohun tó ń jẹ RAM.

Bí ssh kò bá wọlé, ẹ tẹ Caps Lock. Bí iná orí rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀mí ṣì wà lára kernel. Bó bá ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, panic nìyẹn: kernel ti rí ohun tí kò lè gbójú fò, ó sì ti dá iṣẹ́ dúró pátápátá. Kíbọ́ọ̀dù PS/2 ló máa ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, kíbọ́ọ̀dù USB kì í ṣe é.

Irú mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní oops. Ní tiẹ̀, kernel kọsẹ̀, ó pa ètò tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lákòókò náà, ó sì ń bá ìrìn lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò yá mọ́. Ẹ lè rí oops ní aago mẹ́ta ọ̀sán kí ẹ̀rọ tó dákú ní aago mẹ́jọ alẹ́. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́ta yẹn gan-an lẹ ń wá.

Ẹ dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ systemd, ìyẹn ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ inú Linux. Lórí àwọn Linux kan, inú RAM ni àkọsílẹ̀ yìí ń gbé, ó sì ń pòórá bí iná bá ti kú. Ẹ dá fódà kan fún un lórí dísìkì, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn:

sudo mkdir -p /var/log/journal

Nígbà tó bá tún dákú, tí ẹ sì ti tún un tàn, ẹ ka ohun tí kernel sọ ní ìgbà tó kọjá:

journalctl -k -b -1 -e

Nígbà míì ẹ ó rí gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà míì ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kò ju pé ẹnì kan ki USB bọ ẹ̀rọ ní wákàtí méjì ṣáájú. Ìdí ni pé kernel tó wọnú panic kì í ráàyè kọ nǹkan sórí dísìkì mọ́. Ẹ wo /var/lib/systemd/pstore àti /sys/fs/pstore pẹ̀lú, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà kan lè tọ́jú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sínú ibi ìpamọ́ UEFI (ètò inú ẹ̀rọ tó ń jí ṣáájú Linux), níbi tí kì í ti í pòórá bí iná bá kú.

Pańpẹ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni netconsole. Ohun tó ń ṣe ni pé, bí kernel bá ti ń sọ̀rọ̀, yóò máa ju ọ̀rọ̀ náà gba orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, láìdúró de dísìkì. Wáyà Ethernet ló ń lò. Ẹ má fi ọkàn sí Wi-Fi. Ká ní kọ̀ǹpútà tí yóò máa gbọ́ ni 192.168.1.10. Lórí rẹ̀, ẹ tẹ:

nc -u -l 6666 | tee oro-ikeyin.txt

Àwọn nc kan máa ń fẹ́ kí ẹ fi -p ṣáájú 6666. Lórí kọ̀ǹpútà fíìmù, ẹ fi "ip link" wo orúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín (ká ní enp3s0 ni), kí ẹ wá tẹ:

sudo dmesg -n 8
sudo modprobe netconsole netconsole=@/enp3s0,6666@192.168.1.10/

Ẹ má lọ láìdán an wò. Ẹ tẹ èyí:

echo "se o n gbo mi" | sudo tee /dev/kmsg

Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá yọ lójú kọ̀ǹpútà kejì, pańpẹ́ ti dè. Bí kò bá yọ, ẹ wo ògiri ààbò kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́, bóyá òun ló dí ojú ọ̀nà 6666. Ẹ rántí pé bí ẹ bá ti tún ẹ̀rọ tàn, àṣẹ dmesg àti modprobe yẹn gbọ́dọ̀ tún wáyé.

Ẹ̀tọ́ ni kí ẹ mọ̀ pé kernel tuntun ti ń ràn wá lọ́wọ́ níbí. Láti Linux 6.10, tó jáde ní 2024, kernel lè kọ ọ̀rọ̀ panic sí ojú ẹ̀rọ kódà bí fíìmù bá ń lọ lọ́wọ́, bí dráífà àwòrán bá gbà á (dráífà ni ètò tí kernel fi ń bá ẹ̀yà ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀). Láti 6.12, ó lè kọ ọ́ ní QR tí ẹ lè fi fóònù yà. Bí tiyín bá ń ṣe é, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó pa iná.

Bí ẹ̀rọ bá há, tí kò sì tíì wọnú panic, ẹ má fa wáyà yọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti tẹ "sudo sysctl kernel.sysrq=1" sílẹ̀ kó tó há. Ẹ di Alt àti SysRq mú pọ̀ (orí Print Screen ló sábà máa ń wà), kí ẹ wá tẹ S, lẹ́yìn náà U, lẹ́yìn náà B, kí ẹ máa dúró díẹ̀ láàárín wọn. S ń kó ohun tó wà lọ́nà sórí dísìkì, U ń ti dísìkì kí nǹkan má baà bàjẹ́ níbẹ̀, B ń tún ẹ̀rọ tàn. Àkọsílẹ̀ yín yóò wà, àwọn fíìmù yín náà yóò wà.

Bí a ṣe ń ka ohun tó sọ

Ohun tí ẹ ó rí yóò jọ èyí:

BUG: unable to handle page fault for address: ffff9c41a0e3d008
CPU: 2 PID: 1187 Comm: kodi.bin Tainted: P           O
RIP: 0010:dvb_dmx_swfilter_packet+0x1c/0x2b0 [dvb_core]
Call Trace:

Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ tààrà sí "Comm: kodi.bin", wọ́n á ní Kodi ló ṣe é. Rárá o. Comm ń sọ ẹni tó wà nítòsí nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni, kì í sọ ẹni tó ṣe é. Ìlà RIP ni kí ẹ wò: ibẹ̀ gan-an ni kernel ti kọsẹ̀, orúkọ tó wà nínú àkámọ́ onígun lẹ́yìn rẹ̀ sì ni dráífà tó ni ibẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, dvb_core ni, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó káàdì tó ń gba tẹlifíṣọ̀n. Lábẹ́ Call Trace, ẹ ó rí ọ̀nà tí kernel gbà débẹ̀, láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè. Ìlà tí àmì ìbéèrè bá wà níwájú rẹ̀, kernel fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀, ẹ lè fò ó.

Tainted náà lọ́rọ̀. P ni pé dráífà tí a kò lè rí ìwé inú rẹ̀ wà nínú kernel, bí irú ti Nvidia. O ni pé dráífà kan wà tí kò bá kernel wá, bóyá èyí tí ẹ kọ́ fúnra yín fún káàdì tẹlifíṣọ̀n. M ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Bí ẹ bá rí D, kernel ti kọsẹ̀ ṣáájú èyí tí ẹ ń kà. Ẹ padà sókè lọ wá àkọ́kọ́.

Ẹ kó irú rẹ̀ mẹ́ta jọ kí ẹ tó dá ẹjọ́. Bí RIP bá jọra nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fura sí dráífà. Bí ó bá yàtọ̀ síra, ẹ fura sí àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá dráífà káàdì tẹlifíṣọ̀n mi jà, nítorí pé ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń gba ìkànnì méjì sílẹ̀ pọ̀ ló máa ń dákú. Mo yí kernel padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo wá tẹ́ oops mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni mo rí i: ọ̀kan nínú ext4 (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì), ọ̀kan nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀kan nínú dvb_core, ọ̀kan nínú ìpín RAM gan-an. Ó ṣòro kí dráífà kan ṣoṣo rin gbogbo ibẹ̀ yẹn. Mo tan Memtest86+, ètò tó ń dán RAM wò, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìlà pupa fi kún ojú ẹ̀rọ. Mo yọ igi RAM kejì, ó parí. Gbígba ìkànnì méjì pọ̀ kàn ń mú kí kernel dé apá RAM tó ti bàjẹ́ ni.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yà inú ẹ̀rọ

RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Memtest86+ láti ẹ̀yà 6, tó jáde ní 2022, ń ṣiṣẹ́ lórí UEFI náà. Ẹ jẹ́ kó sáré mọ́jú. Àṣìṣe ẹyọ kan ṣoṣo pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí i, ẹ wọ BIOS lọ pa XMP, ìyẹn ètò tó ń mú RAM sáré ju òdiwọ̀n ìpilẹ̀ lọ, kí ẹ tún dán an wò. Bí kò bá lọ, ẹ máa yọ àwọn igi náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí "mce: [Hardware Error]" bá wà nínú àkọsílẹ̀, CPU fúnra rẹ̀ ló ń ké. Ẹ wo ooru rẹ̀ pẹ̀lú "watch -n 2 sensors" nígbà tí fíìmù ń lọ. Àpótí kékeré tí a ki sínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n kì í rí atẹ́gùn, eruku sì máa ń dí fáànù rẹ̀. Ẹ̀rọ tó kàn kú pátápátá, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan, tí netconsole kò gbọ́ nǹkan kan, ooru tàbí àpótí iná rẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè.

Dísìkì: "sudo smartctl -a /dev/sda". Bí Current_Pending_Sector bá ti kúrò ní 0, ẹ tètè kó ẹ̀dà fíìmù yín sí ibòmíràn. Bó bá jẹ́ UDMA_CRC_Error_Count ló ń gòkè, wáyà SATA ni kí ẹ pààrọ̀ ṣáájú dísìkì.

Bó bá jẹ́ dráífà

Ọ̀kọ̀ọ̀kan là á yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀rọ sì gbádùn, ẹ kò ní í mọ èyí tó wò ó sàn.

Ẹ kọ́kọ́ tan kernel àtijọ́. Bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn, ẹ tẹ Esc tàbí Shift kí GRUB, ìyẹn ojú ibi tí ẹ ti lè yan kernel, lè yọ, kí ẹ yan "Advanced options". Bí ti àtijọ́ kò bá dákú, kernel tuntun ló mú un wá, ẹ sì ti ní ibi tí ẹ lè sinmi lé ná.

Bí RIP bá ń tọ́ka sí i915, amdgpu, nouveau tàbí nvidia, ìyẹn àwọn dráífà àwòrán, ẹ wọ Settings nínú Kodi, ní Player, abala Videos, kí ẹ pa "Allow hardware acceleration". Fíìmù yóò wúwo lórí CPU, ṣùgbọ́n bí ìdákú bá dáwọ́ dúró, ẹ ti mọ ilé rẹ̀. Fún káàdì tẹlifíṣọ̀n, ẹ yọ ọ́ kúrò fún ọjọ́ díẹ̀, tàbí kí ẹ kọ "blacklist" àti orúkọ dráífà rẹ̀ sínú fáìlì kan ní /etc/modprobe.d/. Ẹ wo dmesg pẹ̀lú bóyá ó ń ráhùn pé òun kò rí firmware.

Àwọn CPU Intel Bay Trail, bí Celeron J1900 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi tò kọ̀ǹpútà fíìmù nítorí pé kì í pariwo, ní àrùn kan tó jẹ́ tiwọn: wọ́n máa ń há láìsọ ohunkóhun bí CPU bá ń sùn jinlẹ̀ jù. Ẹ fi intel_idle.max_cstate=1 kún GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT nínú /etc/default/grub, kí ẹ tẹ "sudo update-grub". Yóò jẹ iná díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n híhá yẹn sábà máa ń dáwọ́ dúró.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ̀rọ ń tàn ló ń wọnú panic, tó ń kọ "VFS: Unable to mount root fs", ẹ má wá RAM kiri. Ó sábà máa ń jẹ́ pé initramfs, ìyẹn ẹrù kékeré tí kernel fi ń rí dísìkì bí ẹ̀rọ bá ń tàn, ni kò sí tàbí tí kò pé, nígbà míì nítorí pé /boot ti kún nígbà tí kernel tuntun ń wọlé. Ẹ fi kernel àtijọ́ wọlé, ẹ yọ àwọn tí ẹ kò lò mọ́, kí ẹ wá tẹ "sudo update-initramfs -u -k all" bó bá jẹ́ Debian tàbí Ubuntu.

Lẹ́yìn ìwòsàn

Ẹ fi ohun tó ń mú un dákú tẹ́lẹ̀ dán an wò fún ọjọ́ méjì gbáko, kí netconsole ṣì máa gbọ́. Bó bá jẹ́ fíìmù 4K ló ń pa á, kí fíìmù 4K máa yí lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Bí dráífà ló jẹ̀bi, ẹ ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú kernel fún Linux yín. Ẹ fi oops àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lódindi, láìgé e kúrú, pẹ̀lú ohun tí "uname -r" àti "lspci -nnk" bá kọ. Bí P tàbí O bá wà nínú Tainted, ẹ kọ́kọ́ yọ dráífà yẹn kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣì dákú, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín nìyẹn.